Whot ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Òfin Àdéhùn

Ayò ọlọ́pọ́n, tí ó ní ihò 12 àti ọmọ 48, ni eré ìjókòó tí ó lókìkí jùlọ láàárín Yorùbá, ṣùgbọ́n ní àgbàlá àwọn agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ti pẹ́ tí káàdì Whot ti ń bá a du ààyè. William Henry Storey, ará Southend-on-Sea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá eré náà sílẹ̀ ní 1935, tí ilé iṣẹ́ Waddingtons sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí ó dé Nàìjíríà, ó di ọmọ onílé.

Páálí kan ní káàdì 54. Àmì 5 ni ó wà lára 49 nínú wọn, èyíinì ni róbótó, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, àgbélébùú àti ìràwọ̀. 5 tí ó kù ni Whot gan-an, tí a kọ 20 sí, tí ẹni tí ó bá jù ú sílẹ̀ lè fi béèrè àmì tí ó wù ú. Òkìtì tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀ ni ọjà, ibẹ̀ sì ni ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ kò bá ti ilẹ̀ mu, ní àmì tàbí ní nọ́ńbà, yóò gbà lọ.

Agbára tí a fún àwọn nọ́ńbà kan ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ agbo, 1 ni "Hold On", tí ẹni tí ó jù ú yóò tún ju òmíràn; 8 ni "Suspension", tí a ó fi fo ẹni tí ó kàn; 14 sì ni "General Market", tí gbogbo àwọn yòókù yóò fi mú káàdì kọ̀ọ̀kan lọ́jà. Agbo kan gbà pé 5 ń múni mú 3, òmíràn kà á sí nọ́ńbà lásán. "Pick Two" ló ṣòro jù: bí a bá fi 2 róbótó lé ẹnìkan lórí, tí òun náà sì ní 2 àgbélébùú lọ́wọ́, àwọn kan gbà kí ó fi dáàbò bo ara rẹ̀, kí ẹnìkẹta wá mú 4, àwọn kan ní 2 péré ni yóò mú, àwọn tí ó le jù kò gba ààbò rárá.

Nítorí náà ni àwọn ọ̀ta fi ń ṣe àdéhùn kí wọ́n tó pín káàdì, nítorí ìwé òfin inú páálí kì í pẹ́ sọnù, kò sì sí ẹni tí ń wá a. Kódà nínú Whot orí fóònù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe é ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀ta láti yan òfin tí yóò lò àti èyí tí yóò pa tì.