Mile 12 Kò Di Kìlómítà

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Babaláwo tó ti kọ́ṣẹ́ jáde ni o, síbẹ̀ ó ń padà lọ bi Ifá ní ọrọọrún. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu tó ẹni tó ń kàwé ìdánwò kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń kà kì í dúró dè é. Bó bá wá jẹ́ òun náà ni ọ̀gá ní kó kó iṣẹ́ kúrò lórí sọ́fítíwíà àtijọ́ bọ́ sí tuntun, ẹrù ti di méjì lórí ẹnì kan.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìran àwọn òbí wa ti rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́ta.

Ní April 2, 1972, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, torí pé ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo orílẹ̀-èdè tó yí wa ká ń gbà. Irú èyí kò ṣeé ṣe díẹ̀díẹ̀. Bí ìdajì ọkọ̀ bá wà lósì, tí ìdajì wà lọ́tùn-ún, òkú ni a ó máa gbé. Ní January 1, 1973, náírà dé. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Èyí rọ̀ díẹ̀, torí pé ẹnu àwọn àgbà kò tètè yí: wọ́n ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè, wọ́n ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì. Nígbà tó di 1974, àkọtọ́ Yorùbá tuntun dé. Ọmọ iléèwé tó ti ń kọ "aiye" àti "enia" bọ̀ ní láti máa kọ "ayé" àti "ènìyàn". Ṣùgbọ́n àwọn ìwé àtijọ́ kò kúrò lórí pẹpẹ. Ìwé Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, àkọtọ́ àtijọ́ ló fi kọ ọ́. Títí dòní, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò bá lè ka méjèèjì, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Ìṣípòpadà wá jẹ́ oríṣi mẹ́ta: èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kan, èyí tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, àti èyí tí kì í parí láé. Ẹ wo àdúgbò wa ní Kòsọ́fẹ́. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ti fi kìlómítà rọ́pò máìlì, ṣùgbọ́n ẹ dúró ní Kẹ́tu kí ẹ gbọ́ bóyá kọ́ńdọ́kítọ̀ kan á pe "Kìlómítà mọ́kàndínlógún, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" Mile 12 ni, Mile 12 náà ni. Láti 2005 ni NEPA ti yí orúkọ padà, ta ló ń pè é ní nǹkan mìíràn?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní 2000 tí Windows 2000 jáde, Microsoft ní kí àwọn tó ti gba ìwé-ẹ̀rí MCSE lórí Windows NT 4.0 lọ ṣe ìdánwò tuntun kí 2001 tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé-ẹ̀rí wọn á pa rẹ́. Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń tọ́jú NT lẹ́nu iṣẹ́, torí ọ̀gá wọn kò tíì ṣe tán láti ṣí. Ìmọ̀ àtijọ́ ló ń bọ́ wọn, tuntun ni wọ́n ní kí wọ́n lọ jókòó fún. Ní October 2001, Microsoft dẹwọ́, ó ní ìwé-ẹ̀rí wọn kò ní kú mọ́.

Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ó kan ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìkòsí ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó kún fún àwọn oníṣòwò tòmátò àti àlùbọ́sà. Windows Server 2008 ni wọ́n ń lò. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró ní January 14, 2020. Lóṣù kejì sígbà yẹn, March 30, ìsémọ́lé Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ìwé-ẹ̀rí MCSA ti 2016 sì ni ẹ̀gbọ́n mi ń kà fún, ìdánwò mẹ́ta gbáko, 70-740, 70-741 àti 70-742, tó yẹ kó kásẹ̀ nílẹ̀ ní June 30. Àrùn yẹn ló jẹ́ kí wọ́n sún un dé January 31, 2021.

Lálẹ́, ó ń kàwé. Lọ́sàn-án, ó ń ṣètò bí àkọsílẹ̀ owó ṣe máa kọjá. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ìwé tó ń kú lọ ṣe?" Ó ní, "Àbúrò, orúkọ rẹ̀ ló ń kú. O rò pé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ò ní wúlò mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Mo bá a ka orúkọ. Sọ́fítíwíà àtijọ́ yẹn kò mọ àmì ìsàlẹ̀ fáwẹ̀lì. "Ola" kún ibẹ̀, a ò mọ èyí tó jẹ́ ọlá, a ò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀la. Àdùkẹ́ mẹ́ta wà tí orúkọ bàbá wọn bára mu. Léjà alákọsílẹ̀ lọ́wọ́ la fi yà wọ́n, torí owó Àdùkẹ́ kan kò gbọdọ̀ bọ́ sápò èkejì. Ó kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tuntun, ó ro àpapọ̀ ti àtijọ́ mọ́ ti tuntun. Kò bára mu, ó dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló bára mu dé orí kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi oṣù kan lo méjèèjì pọ̀. Ní November, ó yege ìdánwò kẹta.

Ẹ máa rò pé nǹkan kékeré ni, ẹ rántí 2024. Lóṣù September, Sterling Bank bọ́ sórí SeaBaaS tí wọ́n kọ nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Ní October, GTBank kó lọ sórí Finacle ti Infosys ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn ilé-ìfowópamọ́ mìíràn ṣí láàárín àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì wà tí kò rí owó wọn lò fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjà Mile 12 kò mọ wíkẹ́ẹ̀ńdì o. Tòmátò tí owó rẹ̀ kò wọlé lónìí, ó ti rà kó dọ̀la.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé ẹ̀rọ lè ṣí lóru ọjọ́ kan, àmọ́ ènìyàn kì í ṣí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá máa kó ẹrù aráyé kọjá odò gbọ́dọ̀ mọ etí odò méjèèjì. Ẹni tó mọ "enia" tó tún mọ "ènìyàn", òun ló lè ka ìwé baba rẹ̀ fọ́mọ rẹ̀.