Multimedia àti Bí A Ṣe Ń Ṣètò Rẹ̀: Àpẹẹrẹ láti Kétu, Ìkòsí àti Mile 12

Multimedia ni iṣẹ́ tó bá kó ọ̀rọ̀ kíkọ, àwòrán, ohùn, fídíò àti àwòrán tó ń rìn pọ̀ sójú kan, tí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù sì ń gbé wọn jáde bí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí ẹni tó ń wò ó bá lè fọwọ́ tẹ ibi tó wù ú, kí iṣẹ́ náà sì dá a lóhùn, multimedia ti di ohun tí à ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ojoojúmọ́ là ń bá a pàdé. A ń rí i lára pátákó ìpolówó oníná lójú ọ̀nà Ìkòròdú, nínú fídíò ata àti tòmátì tí àwọn oníṣòwò Mile 12 ń gbé sórí WhatsApp, lára ògiri ilé ìjọsìn tí ẹ̀ka mídíà ń gbé ọ̀rọ̀ orin sí, àti nínú fláyà ìgbéyàwó tí àwọn oníṣẹ́ gíráfíìkì ń ṣe ní Kétu.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè; bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀yà multimedia rí. Ohun tí àwòrán ń fi hàn lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ lè fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé rẹ̀ kó má tíì yé ni. Nọ́ńbà fóònù tí ọ̀rọ̀ kíkọ ń tọ́jú fún ni, etí kì í pẹ́ gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò multimedia ni láti mọ èyí tó yẹ kó rán níṣẹ́, àti ìgbà tó yẹ kó rán an.

Ìtàn rẹ̀ láàárín wa

Ọdún 1966 ni Bob Goldstein, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà, lo orúkọ “multimedia” fún àgbéjáde orin àti iná tó ṣe nítòsí New York. Iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí orúkọ tó dé: eégún alárìnjó ti ń pa ìlù, ewì, ijó àti aṣọ pọ̀ lójú agbo láti ayé Ọ̀yọ́ Ilé. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 gbára lé ọ̀rọ̀ kíkọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ohùn àti àwòrán tó ń rìn sì jọ wọlé tọ àwọn ará ilé wá. Ìwé ìròyìn Atọ́ka náà ṣe tirẹ̀: ó to fọ́tò àwọn òṣèré tẹ̀lé ara wọn, ó sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sí i, kí òǹkàwé lè ka eré bí ẹni ń wò ó.

Fóònù GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001. Nígbà tó yá, fóònù kan náà di kámẹ́rà, maikirofóònù, ibi tí a ti ń tún iṣẹ́ ṣe àti ibi tí a ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Nígbà tí BBC Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2018, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀dó sí, pẹ̀lú ìròyìn kíkọ, fọ́tò àti fídíò lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ẹ̀yà rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kíkọ ló dára jù fún ohun tí kò gbọdọ̀ ní àṣìṣe: iye owó, ọjọ́, àdírẹ́sì, orúkọ. Irú lẹ́tà méjì ti tó fún iṣẹ́ kan. Àwọ̀ lẹ́tà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ gedegbe sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí lẹ́tà ìyeyè lórí funfun kò ṣeé kà nínú oòrùn ọ̀sán.

Àwòrán pín sí oríṣi méjì. Èyí tí kámẹ́rà yà jẹ́ àkójọ àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí à ń pè ní píkísẹ́lì. Èyí tí a fi ètò kọ̀ǹpútà bíi CorelDRAW tàbí Illustrator fà jẹ́ ìlà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò, tí kì í bàjẹ́ bó ti wù kí a fẹ̀ ẹ́ tó. Ibí yìí ni wàhálà àwọn oníbàárà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á mú àmì iléeṣẹ́ rẹ̀ tó gbà lórí WhatsApp wá, á ní kí wọ́n gbé e sórí bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. WhatsApp ti dín píkísẹ́lì fọ́tò náà kù kó lè tètè lọ, nítorí náà ó máa ṣú bàìbàì lórí bánà. Bí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ bí “document” ni, ì bá dé bó ṣe wà.

Àwọ̀ pàápàá ń yí padà lójú ọ̀nà. Ojú fóònù ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù da gbogbo àwọ̀ yòókù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní Ṣómólú ń fi íńkì mẹ́rin ṣe tirẹ̀. Àwọ̀ tó ń tàn yanran lójú fóònù lè di èyí tó ṣì lórí bébà, ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ gidi fi máa ń tẹ ẹyọ kan wò kó tó tẹ ẹgbẹ̀rún.

Kí ohùn tó lè wọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́, á sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún orin orí CD, ìgbà 48,000 fún fídíò. Ènìyàn lè fara da àwòrán tí kò mọ́ tó, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ pa fídíò tí ohùn rẹ̀ kò já gaara. Gbé maikirofóònù sún mọ́ ẹnu, kí o sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀.

Fídíò jẹ́ àwòrán tó ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá: 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún sinimá, 25 fún tẹlifíṣọ̀n tiwa. Àwòrán tí a fà tó ń rìn wà fún ohun tí kámẹ́rà kò lè rí, bí ìrìn ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan.

Ìwọ̀n fáìlì

Àwòrán kan nínú fídíò 1920 × 1080 ní píkísẹ́lì tó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Bí a bá tọ́jú gbogbo rẹ̀ láìfún un pọ̀, ìṣẹ́jú kan péré yóò ju gígábáìtì 9 lọ. Ohun tó gbà wá ni ọgbọ́n ìfúnpọ̀ bíi H.264, tó jáde ní ọdún 2003: ohun tó yí padà láti àwòrán kan sí èkejì ló ń kọ sílẹ̀ jù, kì í tún èyí tó dúró sójú kan kọ. Bí a bá fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ní mẹ́gábíìtì 5, ìṣẹ́jú kan kò ní tó mẹ́gábáìtì 40. Fún ẹni tó ń fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra dátà, ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ bóyá yóò wo iṣẹ́ wa tàbí kò ní wò ó.

Bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ kan

Ká ní a fẹ́ ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan fún ọjà Mile 12, láti rọ àwọn oníṣòwò kí wọ́n máa fi kíréètì oníke kó tòmátì dípò apẹ̀rẹ̀. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ tòmátì náà ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá to apẹ̀rẹ̀ léra wọn nínú ọkọ̀, tìsàlẹ̀ ló ń gbé ẹrù gbogbo, á sì fọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ta là ń bá sọ̀rọ̀? Alágbàtà àti awakọ̀ ni, àwọn kan gbọ́ Yorùbá, àwọn kan gbọ́ Hausa. Fóònù ni wọ́n ń lò, nítorí náà fídíò gbọ́dọ̀ dúró lóòró, 1080 × 1920, kó sì ní ohùn ní èdè méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kà á sókè, fi aago wọ̀n ọ́n. Fa àpótí kéékèèké sórí bébà, kí o ya ohun tí ojú yóò rí sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́: tòmátì ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí, omi rẹ̀ ń kán. Ìkejì: kíréètì mẹ́ta lórí ara wọn, ọfà tí a fà ń rìn wálẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ kíréètì láti fi hàn pé ike ló ń gbé ẹrù, tòmátì kò mọ̀ ọ́n lára. Ìkẹta: ọwọ́ obìnrin tó ń ṣa èyí tó yè. Ìkẹrin: ibi tí kíréètì wà àti nọ́ńbà fóònù, kó dúró pẹ́ tó kí ènìyàn lè kọ ọ́.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí a ya àwòrán, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tutù. Inú yàrá ni kí a ti gba ohùn. Nígbà tí a bá ń tò ó pọ̀, ẹ̀kọ́ Richard Mayer ti Yunifásítì California, tó kó ìwádìí rẹ̀ sínú ìwé Multimedia Learning ní ọdún 2001, wúlò púpọ̀: àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé lásìkò kan náà, ohunkóhun tí kò ran òye lọ́wọ́ sì gbọ́dọ̀ jáde. Orin tó bo ohùn mọ́lẹ̀ ń kọ́? Yọ ọ́. Kọ kókó ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò ní ṣókí, torí ọ̀pọ̀ ló ń wo fóònù láìtan ohùn nínú ọkọ̀ BRT tó ti ń ná Mile 12 sí CMS láti oṣù Kẹta ọdún 2008.

Ìdánwò ló kẹ́yìn. Fi han ìyá aláta méjì tàbí mẹ́ta, má ṣàlàyé ohunkóhun, kí o wá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́. Ibi tí kò bá yé wọn, iṣẹ́ wa ló kù síbẹ̀.

Yorùbá lójú ẹ̀rọ

Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Àmì ohùn ni à ń fi lé wọn lórí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì aláràbarà kò mọ èyí í ṣe: àmì á yẹ̀ gẹ̀rẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Noto Sans àti Charis SIL mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Tẹ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò kí o tó yan fọ́ǹtì.

Òfin

Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ń dáàbò bo orin, fọ́tò àti fídíò, ìbáà jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí wọn. Iléeṣẹ́ LASAA, tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ló ń fún ni níwèé àṣẹ pátákó ìpolówó. Fún ojú ẹnikẹ́ni tí a bá fẹ́ gbé jáde, ẹ jẹ́ ká gba àṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má dúró de kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Fóònù ọwọ́ yín, bébà àti pẹ́ńsù ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó tan kámẹ́rà, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí: ta ló máa wò ó, kí ni mo fẹ́ kó ṣe lẹ́yìn tó bá wò ó tán, èwo nínú àwọn ẹ̀yà yìí ló lè sọ ọ́ yé e jù? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.