Owó Àyè Òfìfo

Ẹnìkan kì í jẹ́ “Àwá dé”, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀sà tí ó ti Àjàṣẹ́ wá, tí ó gba ìhà Kankon àti Àgbádárìgì kọjá wọ Èkó Àkéte, Èkó arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ẹni tí ó dá nìkan rìn lè jẹ́ “Àwá dé” bí ó bá lè san owó àwa.

Kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ àwọn Ẹ̀gùn etí ọ̀sà. Níbi tí omi kò bá jìn, atukọ̀ a fi ọ̀pá gígùn ti ilẹ̀. Níbi tí ó bá jìn, a mú àjẹ̀. Ọkọ̀ kì í sì í kúrò ní èbúté àfi bí èrò bá kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kánjú ni yóò ra gbogbo àyè òfìfo. Láyé owó ẹyọ, ìyà náà di méjì: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́, ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù alágbàrù, tó bẹ́ẹ̀ tí owó tí a fẹ́ fi ra àyè pàápàá ń gba àyè.

Owó nìkan kọ́ sì ni àdánìkanrìn ń san. Ní 1827, lẹ́yìn tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kú sí Ṣókótó, Richard Lander padà sí Àgbádárìgì láìsí òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan. Àwọn Potogí oníṣòwò ẹrú fẹ̀sùn kàn án lọ́dọ̀ ọba pé amí ni. Àwọn ènìyàn ọba sì fún un ní omi olóró mu, pé bí ó bá jẹ́ olóòótọ́, yóò yè é. Ó mu ún, ó sì yè. Nígbà tí ó tún gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1830, John àbúrò rẹ̀ ni ó mú dání.

Lónìí, àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun ń dá owó yàrá lé ẹni méjì. Ẹni tí yóò dá sùn níbẹ̀ lè san ti méjèèjì pé. Ṣùgbọ́n ní èbúté tiwa, sùúrù náà jẹ́ owó: arìnrìn-àjò lè jókòó lé ẹrù rẹ̀ títí ẹlẹ́ja yóò fi dé, tí oníyọ̀ àti alágbọn yóò fi tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ ròkun, bí ó rọ̀sà, yóò fi orí fún elébùúté. Ẹni tí ó sì dúró de ẹlòmíràn, owó àyè kan ni yóò san, tí yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láàrín èrò, tí yóò jẹ́ “Àwá dé” láìpurọ́.