Olùkọ́ Èdè Swahili ní Sachsenhausen

Ìlú Oranienburg kò jìnnà sí Berlin. Ọkọ̀ ojú irin kì í lò tó wákàtí kan. Láti ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò fi ń rìn dé Sachsenhausen, láàárín ilé tí ènìyàn ń gbé. Ohun tí afinimọ̀nà kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí ni bí wọ́n ṣe gé ilẹ̀ náà ní onígun mẹ́ta, kí ẹ̀ṣọ́ orí ẹnu ọ̀nà lè máa wo gbogbo àgọ́ láti ojú kan. Ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn SS fi kọ́ ọ ní 1936. Ènìyàn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀ títí di 1945 lé ní 200,000: alátakò ìjọba Násì, Júù, Sinti àti Roma, ọmọ ogun tí wọ́n mú lójú ogun. Lára irin ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé iṣẹ́ ní í sọ ènìyàn di òmìnira. Yorùbá náà a máa yin iṣẹ́ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn pátápátá ni ti ibí.

Ọ̀nà kan wà nínú pápá tí wọ́n fi oríṣiríṣi òkúta àti iyanrìn tẹ́. Ẹlẹ́wọ̀n a wọ bàtà, a máa rìn lórí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kí ilé iṣẹ́ bàtà lè mọ bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti pẹ́ tó. Ní 1941, wọ́n yìnbọn pa ọmọ ogun Soviet tí kò dín ní 10,000. Wọn a ní kí ẹni náà dúró ti ọ̀pá ìwọ̀n bí ẹni pé dókítà fẹ́ mọ bí ó ti ga tó. Ihò wà lẹ́yìn ọ̀pá náà fún ìbọn.

Ọdún yìí kan náà ni wọ́n mú Bayume Mohamed Husen dé ibẹ̀. Afinimọ̀nà kò lè dárúkọ gbogbo ẹlẹ́wọ̀n. Èyí tí àlejò bá béèrè ni ó sábà máa ń gbọ́.

Dar es Salaam ni a bí Husen sí ní 1904, nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí ó jagun fún wọn nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó dé Berlin ní 1929 láti gba owó iṣẹ́ ogun tí ìjọba jẹ òun àti bàbá rẹ̀. Wọn kò san án. Ó gbé àwo oúnjẹ fún oníbàárà, ó ṣeré nínú fíìmù, ó sì ń kọ́ni ní èdè Swahili ní yunifásítì, lówó tí kò tó nǹkan. Yunifásítì yìí ni Diedrich Westermann, tí àwọn onímọ̀ èdè Ewe mọ̀ dunjú, ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Áfíríkà. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ní í wà lára ìwé gírámà. Ẹni tí ó pe ohùn náà sí i létí kì í sábà ní ojú ewé. Kò sì yẹ kí a sọ Husen di akọni: fíìmù kan tí ó bá wọn ṣe, tí ó jáde ní 1941, yin Carl Peters, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba ilẹ̀ rẹ̀ fún Jámánì. Oúnjẹ òòjọ́ ni ó ń wá.

Ẹ̀sùn pé ó bá obìnrin aláwọ̀ funfun lò ni wọ́n fi mú un. Kò dé iwájú adájọ́ kankan. Ó kú ní Sachsenhausen ní ọjọ́ 24, oṣù Kọkànlá, 1944.

Ní 2007, wọ́n ri òkúta kékeré kan tí a fi idẹ bò mọ́lẹ̀ ní òpópónà Brunnenstraße ní Berlin. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orúkọ Husen ni wọ́n kọ sí i.