Ẹlẹ́wọ̀n, Ọgbà Ẹ̀wọ̀n àti Òfin Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí òwe yìí ń sọ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ìbéèrè wọn kò lọ́jú pọ̀: bí ìjọba bá fẹ́ gbé ẹlẹ́wọ̀n kúrò ní ọgbà kan lọ sí òmíràn lòdì sí ìfẹ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ó pọn dandan kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀?

Ohun tí wọ́n gbójú lé ni Àtúnṣe Kẹrìnlá sí Òfin Ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó di òfin ní ọdún 1868. Ó kà á léèwọ̀ fún ìpínlẹ̀ láti gba ẹ̀mí, òmìnira tàbí dúkìá ènìyàn láìtẹ̀lé ìlànà òfin.

Ní ọdún 1974, iná ńlá ṣẹ́ yọ nígbà 9 láàrin oṣù méjì àti ààbọ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Àwọn olófòófó ta àwọn aláṣẹ lólobó, ìgbìmọ̀ sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fura sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá ọgbà náà fẹ́ sọ ohun tí àwọn olófòófó wí, wọ́n ní kí ẹlẹ́wọ̀n bọ́ síta. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí a sọ nípa rẹ̀, báwo ni yóò ṣe wí àwíjàre? Wọ́n pàṣẹ kí a kó wọn lọ sí ọgbà mìíràn tí ìgbé-ayé ibẹ̀ le ju ti Norfolk lọ.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà jàre ní ilé-ẹjọ́ méjì. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1976, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ yí ìdájọ́ náà padà nínú ẹjọ́ Meachum àti Fano. Adájọ́ White, tí ó sọ̀rọ̀ fún àwọn mẹ́fà, ní níwọ̀n ìgbà tí a ti dá ènìyàn lẹ́bi ní ìlànà òfin, ìpínlẹ̀ lè tì í mọ́ ọgbà tí ó bá wù ú nínú àwọn ọgbà rẹ̀. Òfin Massachusetts kò sì ṣèlérí Norfolk fún ẹnikẹ́ni. Adájọ́ Stevens àti àwọn méjì mìíràn kò gbà. Lójú tirẹ̀, òmìnira kì í ṣe ẹ̀bùn láti ọwọ́ ìjọba, ẹlẹ́wọ̀n kì í sì í ṣe ẹrú ìpínlẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni ẹlẹ́wọ̀n Attica kan pàdánù tirẹ̀. Ní 1972, wọ́n mú un níbi tí ó ti ń pín ìwé ẹ̀hónú kiri, wọ́n sì gbé e lọ sí ọgbà mìíràn ní ọjọ́ kejì. Ilé-ẹjọ́ ní bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìjìyà ni wọ́n fi ṣe, Àtúnṣe náà kò béèrè ìgbẹ́jọ́.

Èyí tí ó dun ènìyàn jù ni ti Hawaii ní 1983. Wọ́n gbé ọkùnrin kan sọdá òkun Pàsífíìkì, nǹkan bí 2,500 máìlì, lọ sí ọgbà Folsom ní California. Ìlànà Hawaii fúnra rẹ̀ béèrè ìgbìmọ̀ tí kò ṣègbè; ọkùnrin náà sì ní àwọn tí ó wádìí ẹ̀sùn òun náà ni ó jókòó dá a. Síbẹ̀ àwọn adájọ́ mẹ́fà ní kò lẹ́tọ̀ọ́. Adájọ́ Marshall takò wọ́n: ó ní ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, tí ó ya ènìyàn nípa sí ẹbí àti ọ̀rẹ́, kò yàtọ̀ sí lílé ni kúrò nílùú.

Ilẹ̀kùn kò kúkú tì pátápátá. Ní 1980, nínú ẹjọ́ kan láti Nebraska, ilé-ẹjọ́ ní a kò gbọdọ̀ gbé ẹlẹ́wọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ láìgbọ́ tirẹ̀. Ní 2005, ó ní ẹni tí a fẹ́ gbé lọ sí ọgbà kan ní Ohio, níbi tí ènìyàn ń dá wà ní nǹkan bí wákàtí 23 lójúmọ́, lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí rẹ̀ kí ó sì fèsì.

Nínú gbogbo ẹjọ́ ìṣínípò wọ̀nyí, ìdásílẹ̀ kọ́ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń béèrè. Ohun tí wọ́n ń tọrọ ni kí a gbọ́ wọn kí a tó gbé wọn lọ. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò sì rí gbà nìyẹn.