Àwòrán Aṣálẹ̀ Sàhárà Ayé Àtijọ́

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ayàwòrán Yúróòpù kan rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá àti Àríwá Áfíríkà, wọ́n ń fi ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ya ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ sórí aṣọ kánfáàsì. Orientalist ni wọ́n ń pè wọ́n. Ogun ló la ọ̀nà fún wọn: lọ́dún 1830 ni ọmọ ogun Faransé gba Algiers, nígbà tó sì di 1832, Eugène Delacroix ti bá ikọ̀ ìjọba Faransé dé Mòrókò. Ẹṣin, ọdẹ àti obìnrin inú ilé ló wu àwọn tó ṣáájú. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ló wá rí i pé yanrìn nìkan tó yà.

Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni Le Sahara, tí Gustave Guillaumet yà lọ́dún 1867, tó wà ní Musée d'Orsay ní Paris. Egungun ràkúnmí kan ló nà gbalaja sílẹ̀ níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ lọ salalu, kò sí igi, kò sí àgọ́. Ní òkèèrè réré, ọ̀wọ́ oníràkúnmí kan ń hàn bàìbàì. Èèyàn ò lè fi gbogbo ẹnu sọ bóyá wọ́n ń bọ̀ lóòótọ́ tàbí ooru ló ń tan ojú jẹ. Ìmọ́lẹ̀ ló gba gbogbo ìyókù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rí irú òkèèrè bẹ́ẹ̀ yà, ẹ dúró ní Ọ̀kà Àkókó nígbà ọyẹ́. Òkè tó sún mọ́ni dúdú, èyí tó tẹ̀lé e dà bí eérú, èyí tó kẹ́yìn ti wọnú ojú ọ̀run lọ. Apá kan nínú eruku ọyẹ́ tó ń bò wọ́n wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, láti inú Sàhárà gan-an. Bí ọ̀dà ṣe ń ṣá sí i bí ilẹ̀ ṣe ń jìn ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

Ayàwòrán Faransé mìíràn, Eugène Fromentin, dé Laghouat ní Algeria lọ́dún 1853, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ogun Faransé pa ìlú náà run ní December 1852. Òun ló ya Au pays de la soif, níbi tí òùngbẹ ti ń pa àwọn èèyàn kú sínú aṣálẹ̀. Lọ́dún 1853 kan náà ni Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì, wọ Timbuktu. Ohun tí Barth kọ sílẹ̀ yàtọ̀: iyọ̀ tó ń bọ̀ láti Taoudenni, aṣọ aláró Kano tó ń lọ dé Timbuktu, ọjà tó kún. Lójú tèmi, ẹ̀bi àwọn ayàwòrán Faransé kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Ọ̀nà ọjà ni wọ́n yà bí ẹni pé ikú nìkan ló ń rìn níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Edward Said ṣe àríwísí irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Orientalism, lọ́dún 1978. Síbẹ̀, ó yẹ ká yìn Guillaumet, nítorí ó padà lọ sí Algeria léraléra, ó sì ya ìyàn tó jà níbẹ̀ láàárín 1866 sí 1868.

Ọ̀dà olóróró yìí kan náà ni ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, Aina Onabolu, gbé ní Èkó, tó sì lọ kọ́ iṣẹ́ sí i ní London lọ́dún 1920. Ojú èèyàn ló fi yà. Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó múlé ti Àkókó, náà tọ ọ̀nà yẹn.

Ẹni tí irú àwòrán àtijọ́ báyìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ọyẹ́ ni kó ṣọ́ra fún. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń mú kí igi tí wọ́n fi na kánfáàsì sún kì, ọ̀rinrin òjò á tún mú un wú, ọ̀dà á wá sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Fáníìṣì tí wọ́n fi bò ó ń pọ́n bó ṣe ń gbó. Nígbà mìíràn, àwọ̀ ìyeyè táwọn èèyàn ń yìn pé oòrùn aṣálẹ̀ ni, fáníìṣì lásán ni. Ẹ má fi omi ọṣẹ nù ún. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ìtọ́jú àwòrán ni, tó ń fi òwú kékeré bọ́ fáníìṣì náà kúrò díẹ̀díẹ̀.