Àbùùbùtán ń bímọ ní òkun Bẹ̀nẹ̀

Ní Bassila àti Manigri, a jìnnà sí òkun. A ní láti gba Savalou kọjá ká tó dé Kútọnu. Níbẹ̀, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, àbùùbùtán tí Faransé ń pè ní baleine à bosse máa ń wá bímọ. Ó lè gùn tó mítà 15. Kì í ṣe ẹja o: ọmú ló ń fún ọmọ ẹ̀. Ẹgbẹ́ Nature Tropicale ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn lọ wò ó. Ní erékùṣù Tonga, wọ́n tiẹ̀ ń bá a wẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́mọ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun nínú omi gbígbóná. Ọ̀rá ara ẹ̀ ló ń di wàrà. Bí ọkọ̀ bá ń lé e kiri, ọ̀rá á tán, ọmọ á jìyà. Tí a bá lọ, ká ní kí atukọ̀ dúró lókèèrè.